Òwú Pupa Ọrùn Aṣọ

Kó, kó. Ṣíì.

Ohùn tí ilé àgbàfọ̀ náà fi ń jí láàárọ̀ nìyẹn. Ọwọ́-Rọra, ọkùnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀, á gbé áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́èédú sókè, á fi ìdí rẹ̀ kan irin tí wọ́n ń gbé e lé lẹ́ẹ̀mejì kí eérú lè gbọ̀n dànù, á ti ìka bọ omi, á ta omi náà sí i lábẹ́, á wá dẹ etí bí ẹni tó ń retí èsì. Bí omi bá fa ohùn gùn, áyọ́ọ̀nù ti tó aṣọ í lọ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí omi bá ń ta sókè sódò bí ẹni tó tẹ ìjàlọ mọ́lẹ̀, ó gbóná jù. Ọwọ́-Rọra á gbé e kalẹ̀, á máa kọ orin ìjọ lábẹ́nu títí ara irin á fi rọ̀.

Ọdún méjìdínlógójì ti gorí ohùn yẹn. Síbẹ̀, nínú yàrá kan lókè ilé alájà mẹ́ta, ní ìlú tí òjò ibẹ̀ kì í pariwo kó tó rọ̀, bàbá àgbàlagbà kan ṣì ń gbọ́ ọ. Ó máa ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án, bí oorun bá fẹ́ gbé e lọ lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Á la ojú, á wo àjà, á ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti jí?" kó tó rántí pé òkun ló wà láàárín òun àti Ọwọ́-Rọra tó ń bá sọ̀rọ̀.

Kíákíá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ ọ́ láti kékeré, torí pé kò sí ohun tí kì í sáré ṣe. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá ń gbàdúrà, àmín rẹ̀ máa ń ṣáájú ti ìjọ. Ní báyìí, ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin, orúnkún sì ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sinmi kó tó gùn ún dókè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ilé àgbàfọ̀ yẹn. Ìyá wọn ló fi í sílẹ̀ fún un: yàrá gígùn kan tó kọjú sí títì, tábìlì ìlọṣọ méjì tí Ọwọ́-Rọra àti Kíákíá ń lò, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se aṣọ funfun lẹ́yìnkùlé, àti okùn tó ta láti ògiri dé ògiri. Bí wọ́n bá ṣí ìkòkò náà láàárọ̀, ooru omi á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àwọn aṣọ funfun tó wà lórí okùn á wá dà bí ẹni tó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ nínú kùrukùru, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, tí wọn ò sì kánjú ibì kankan. Kíákíá ìgbà náà kì í wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kíákíá arúgbó, ojoojúmọ́ ló ń wò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn Olúwa, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kankan sára ògiri. Oníbàárà kan bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kọ nǹkan síbí, ká lè mọ̀ pé onígbàgbọ́ ló ń fọ aṣọ wa?"

"Ẹ wo ọrùn aṣọ yín," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí."

Òwú pupa ló ní lọ́kàn. Òfin ilé náà ni pé bí bọ́tìnnì bá já, bí àwọ̀ bá ṣí, bí áyọ́ọ̀nù bá fẹnu kan aṣọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká a pamọ́. Òwú pupa kan ni wọ́n á so mọ́ ọrùn aṣọ náà, níta gbangba, kó lè jẹ́ pé kí ẹni tó ni ín tó na ọwọ́ gbà á, ojú rẹ̀ ti rí i. Bí onítọ̀hún bá wá béèrè pé ta ló ṣe é, èsì kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n ní: "Ọwọ́ wa ni. Ẹ jókòó, ká jọ wò ó." Kì í dárúkọ ẹnì kankan.

"Bí mo bá so òwú, tí mo wá dárúkọ ẹni tó ṣe é," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ bó bá ń yọ òwú nínú agolo, "mo ti sọ òtítọ́ di pàṣán nìyẹn. Bí mo bá sì dárí ji onítọ̀hún tí mi ò so òwú, mo ti sọ àánú di aṣọ ìbora fún olè. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jọ rìn."

Kì í ṣe pé ó le bí irin o. Ọkùnrin kan tó sanra gbé ṣòkòtò rẹ̀ padà wá tìbínú-tìbínú, ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi kéré. Ẹ̀gbọ́n na ṣòkòtò náà sórí tábìlì, ó fi ìbú ọwọ́ wọ̀n ọ́, ó tún wo ikùn ọkùnrin náà.

"Ọkọ mi, mi ò lè so òwú mọ́ eléyìí. Ohun tó yí padà ò sí lára ṣòkòtò."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín tí ikùn tí wọ́n ń wí fi ń mì. Kó tó lọ, Ẹ̀gbọ́n ti bá a tú ìdí ṣòkòtò, ó ti fi aṣọ díẹ̀ kún un. Bí àánú rẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ lé òtítọ́ rẹ̀ nìyẹn, bí ọmọ tó di ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tó ń dun Kíákíá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà kan dé. Wọ́n pè é síṣẹ́ lókè òkun. Ohun kan péré ló kù: ìwé ẹ̀rí ìwà láti ìjọ rẹ̀, tí akọ̀wé ìjọ máa fọwọ́ sí. Opó kan ni akọ̀wé náà, Ìyá Akọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é. Aṣọ opó yìí gan-an ló wà lórí tábìlì Kíákíá láàárọ̀ ọjọ́ náà: ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọdọọdún, bí ọjọ́ tí ọkùnrin náà kú bá ti ń bọ̀, obìnrin náà á gbé e wá fún fífọ̀, á sì lọ fi kọ́ ẹ̀yìn àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ọwọ́-Rọra wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ná. Kíákíá gbé áyọ́ọ̀nù, kò kàn án mọ́ irin, kò ta omi sí i. Ó lọ apá ọ̀tún, ó lọ apá òsì, ó yí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè, ni lẹ́tà tó wà lápò àyà rẹ̀ bá ń pè é. Ó ní kí òun ṣáà tún ka ìlà kan. Ó fi ọwọ́ kan fa lẹ́tà náà yọ, áyọ́ọ̀nù sì dúró sí ibi tí ọwọ́ kejì fi í sí.

Òórùn ló pe é padà. Nígbà tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, àmì kan ti wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ní abẹ́ èjìká: ó rí ṣóńṣó níwájú, ó fẹ̀ nídìí, ó pọ́n bí ewé tó ti gbẹ lórí igi.

Agolo òwú pupa kò jìnnà sí i ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ó wò ó. Ó wo lẹ́tà. Bí Ìyá Akọ̀wé bá rí aṣọ yìí, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á ṣì gbé kálàmù fún òun? Ó wá ṣe ohun tó jẹ́ pé alágbàfọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: ó ká ẹ̀yìn aṣọ náà sínú lọ́nà mẹ́ta, ó fi páálí tẹ́ àyà rẹ̀, ó fi píìnì mẹ́rin dè é, ó sì to bọ́tìnnì rẹ̀ gún régé. Kò tíì ká aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà padà wá. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń sùn. Kò pariwo. Ẹ̀gbọ́n rí àmì náà, ó wo ọrùn aṣọ, kò rí òwú. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tutù yẹn.

"Ọwọ́ wa ni, ìyá mi," ó ní. "Ẹ jókòó." Ó sì tún sọ ọ́, "Ọwọ́ wa ni," àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Nígbà tí opó náà lọ tán ló tó kọjú sí àwọn méjèèjì.

"Pé ó jó kọ́ ló ń dùn mí. Aṣọ á jó. Ta ló ká a pamọ́?"

Kíákíá yára dáhùn, bó ṣe máa ń yára sí ohun gbogbo. "Orí tábìlì Bọ̀dá ni mo ti gbé e. Wọ́n ti ká a."

Ọwọ́-Rọra gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó wo Kíákíá fún ìgbà pípẹ́, bí ìgbà tó bá ń dẹ etí sí omi lára irin. "Kì í ṣe èmi, Màmá," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ẹni tó mọ àbùkù aṣọ láti òkèèrè ni, àmọ́ ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe aṣọ. Ìfẹ́ bò ó lójú. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Ọwọ́-Rọra, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, kó o tó jẹ́wọ́. Kò ní í kúrò láàárín wa níbí."

Kò lé e. Kò dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: láti ọjọ́ yẹn, kò fún un ní aṣọ funfun mọ́. Aláwọ̀ nìkan ló ń kó sórí tábìlì rẹ̀. Àánú ló pè é, kí ọkùnrin náà má baà tún ṣubú. Àwọn ará àdúgbò lójú, wọ́n rí i pé ẹni tó mọ funfun lọ̀ jù kò lọ funfun mọ́, wọ́n sì fi ara wọn parí ìtàn náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ajóṣọ ni àwọn kan ń pè é ní títì. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," yóò sì kọjá.

Ìyá Akọ̀wé fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹni òtítọ́ ni, ó kọ ọ́ báyẹn, pẹ̀lú kálàmù dúdú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Kíákíá máa lọ, Ọwọ́-Rọra gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wá fún un. "Wọ eléyìí tó o bá débẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò mọ̀." Ó dì í mọ́ra. Èéfín èédú ń rùn lára rẹ̀. Nígbà tí Kíákíá débẹ̀, tó ṣí àpótí, ó rí i: òwú pupa kan, wọ́n so ó mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà, kóókó rẹ̀ kéré, ó sì le.

Ó mọ̀ nígbà náà pé ẹnì kan mọ̀. Ó bínú fún ọdún kan gbáko. Ó bẹ̀rù fún ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló wá ń yé e díẹ̀díẹ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ bá òun jẹ́ ni, ẹnu ló máa lò, kò ní í lo òwú. Kò sì ní í dúró lọ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà títí á fi mọ́ báyẹn.

Ó ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ó tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ò le, Ọlọ́run kúkú ti mọ̀. Sí Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ló ń kọ. Gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, "Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ," á sì parí sí, "Báwo ni ẹsẹ̀ yín tó ń dùn yín?" Ó tú òwú náà kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi í sínú agolo bọ́tìnnì. Níbi tó ń jọ́sìn, wọ́n fi í sẹ́nu ọ̀nà kó máa kí àlejò káàbọ̀, torí pé ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọjọ́ Ẹtì ni fóònù dún. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ni, obìnrin tó ti ń darí ilé àgbàfọ̀ náà báyìí.

"Bàbá Òkèèrè! Ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo wà. Àwọn tó ń retí ogún mi ni kò rọrùn fún."

"Ogún wo, agolo bọ́tìnnì yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, Màmá ń dúpẹ́ ní ìjọ. Wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, a máa kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Kẹ́ ẹ má kọ ọ́ gùn o, ẹsẹ̀ ń dun àwọn àgbààgbà."

"Ọwọ́-Rọra ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí. Áyọ́ọ̀nù iná mélòó ni mo rà fún wọn, wọ́n kọ̀. Ẹlẹ́èédú yẹn náà ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ wà nílẹ̀ tó ń sú mi. Aṣọ funfun àwọn akọrin wà níbí, méjìlá, ti ọjọ́ Àìkú. Omi gbígbóná bó mi lọ́wọ́, mi ò lè lọ̀ wọ́n. Mo ń wá ẹni tó máa bá wa lọ̀ wọ́n káàkiri, Bàbá Ọwọ́-Rọra sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo àwọn aṣọ náà. Mo ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.' Màmá ní rárá, àwọn ò fẹ́ kí ìtìjú tún bá bàbá náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó! Kí ni bàbá yìí ṣe gan-an?"

Kíákíá bi í bóyá ọwọ́ tó bó yẹn ti ń san. Ó ní òun máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó tó dalẹ́.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nísàlẹ̀, ní òdìkejì títì, ilé ìfọṣọ kan wà tí kò ní èèyàn, ẹ̀rọ nìkan ló tò sínú rẹ̀, tó ń yí aṣọ lẹ́yìn gíláàsì. Ooru wọn ń gba ihò ara ògiri jáde, ó ń gòkè wá díẹ̀díẹ̀, ó ń fara kan gíláàsì fèrèsé rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọra ń pa dé.

Ó rí ara rẹ̀ nínú kùrukùru, láàárín aṣọ funfun. Okùn náà gùn, kò ní ìparí. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń gbé ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń fi í sílẹ̀. Kò kánjú. Ó dé ọ̀dọ̀ Kíákíá. Ó gbé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn rẹ̀ sókè, ó wá òwú níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Kò bínú. Ó kàn ń wá a lọ, ìka rẹ̀ tutù, ó rọ̀, ó ń wá a bí ẹni tó dá lójú pé ó ní láti wà níbẹ̀. Níbì kan lẹ́yìn kùrukùru náà: kó, kó. Lẹ́yìn náà, ohùn omi tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò wá.

Ó jí. Ó gbé fóònù, ó kọ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, abiyamọ tòótọ́, àpẹẹrẹ rere fún gbogbo wa, ilé yín ni mo ti kọ́ òtítọ́." Ó kà á. Ó dára. Gbogbo etí rẹ̀ ló gún, bọ́tìnnì rẹ̀ tò. Ìgbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì ló dá kíká náà mọ̀: bó ṣe ká ṣẹ́ẹ̀tì opó yẹn nìyẹn. Ó pa á rẹ́.

Ó lọ mú agolo. Òwú náà wà nísàlẹ̀, pupa rẹ̀ ti ṣí díẹ̀. Ó so ó mọ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Ó pẹ́ kó tó dì. Ó ronú nípa ẹnu ọ̀nà ìjọ rẹ̀, nípa ojú ọmọ Ẹ̀gbọ́n bó bá kà á, nípa obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kan tó máa gbọ́ pé ẹni tí òun dárí jì kọ́ ló ṣẹ̀. Kò yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láàárín èrò. Ó fi ìka kan ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò kánjú. Kí iná títì tó tàn, ó rán an:

"Ọmọ mi, ka èyí fún Màmá nínú ilé, kí Bàbá Ọwọ́-Rọra jókòó tì wọ́n. Má tíì kà á níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo jó ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ Ìyá Akọ̀wé. Èmi ni mo ká a pamọ́. Lẹ́tà ni mo ń kà. Mo purọ́ mọ́ Bọ̀dá torí ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò gbà wọ́n gbọ́ nítorí èmi. Ẹ má bínú sí ara yín. Èmi ni mo fi iyanrìn sí yín lójú. Bọ̀dá, mo rí òwú yín. Ó wà lọ́rùn mi báyìí. Mi ò ní ẹnu tí mo fi máa bẹ̀ yín, mo kàn ń bẹ̀ yín náà ni. Bí ẹ bá gbà, kí wọ́n kà á ní ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, torí pé ní gbangba ni wọ́n ti pè yín ní Ajóṣọ. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ àwọn akọrin méjèèjìlá, ẹ kó wọn sórí tábìlì Bọ̀dá."